Kí ni oúnjẹ lè ṣe fún ojú àgbà, kí ni kò lè ṣe?

Jẹ́ kí ènìyàn lé díẹ̀ ní 40 ọdún, kó bẹ̀rẹ̀ sí na fóònù jìnnà sí ojú kó tó lè ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan á ní kó máa jẹ kárọ́ọ̀tì láràárọ̀. Òmíràn á ní gààrí ló fà á. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì á fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àgbo kan wà, ìgò méjì péré, ẹni tó bá mu ún á ju jígí ojú rẹ̀ nù. Ẹni tó lọ́mọ ní Amẹ́ríkà á ní kí wọ́n bá òun ra fítámì ojú bọ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé àìsàn ojú àgbà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, nǹkan márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń kó pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ pé ojú àgbàlagbà kan ti ń bàjẹ́, agbára oúnjẹ lórí ọ̀kan sì yàtọ̀ pátápátá sí agbára rẹ̀ lórí èkejì. Ẹni tó bá bèèrè pé "kí ni kí n máa jẹ kí ojú mi lè dára?" kò tíì bèèrè tán. Ojú wo? Kí ló ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù kúrò nílẹ̀ ná. Lẹ́ǹsì kékeré kan wà nínú ojú, lẹ́yìn ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú. Nígbà èwe, ó rọ̀, ó lè ki, ó lè tẹ́, bí a bá ṣe fẹ́ wo nǹkan sí. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń le, tó bá sì di nǹkan bí ọdún 45, kò lè ki tó mọ́ láti ka ìwé tó sún mọ́ni. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe. Ọba ń bẹ nínú rẹ̀, ìjòyè ń bẹ nínú rẹ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ náà ń bẹ nínú rẹ̀. Oúnjẹ kò ní ohunkóhun ṣe fún un, àgbo náà kò ní. Jígí ìkàwé ni ìwòsàn rẹ̀, ẹni tó bá sì ní ewé kan ń dá lẹ́ǹsì líle padà sí rírọ̀, owó yín ló ń wá.

Kárọ́ọ̀tì wá ńkọ́? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kárọ́ọ̀tì, ogun ló sọ ọ́ di ńlá. Nínú kárọ́ọ̀tì ni èròjà kan wà tí ara ń sọ di fítámì A, ojú kò sì lè ríran nínú òkùnkùn láìsí fítámì yìí. Ọmọdé tí kò bá rí i jẹ rárá lè fọ́ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé e káàkiri pé kárọ́ọ̀tì ni àwọn awakọ̀ òfurufú wọn bíi John Cunningham ń jẹ tí wọ́n fi ń já ọkọ̀ àwọn ará Jámánì bọ́ lóru. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ radar, tó ń fi ibi tí ọkọ̀ ọ̀tá wà hàn nínú òkùnkùn, ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfurufú wọn, wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀tá mọ̀. Ogun parí, àṣírí tú, ìtàn kárọ́ọ̀tì kò kú.

Ẹni tí fítámì A rẹ̀ bá ti pé, bó jẹ àpò kárọ́ọ̀tì kan, ojú rẹ̀ kò ní mọ́ ju bó ṣe wà lọ. Epo pupa tó wà nílé wa gan-an wà lára oúnjẹ tó ní èròjà yìí jù lọ láyé, òun ló fún un láwọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ elépo pupa déédéé kò nílò láti ná owó lórí kárọ́ọ̀tì nítorí ojú, àfi tó bá wù ú lẹ́nu. Àmọ́ o, epo tí ẹ bá gbé kaná títí pupa rẹ̀ fi ṣá, bí a ṣe ń ṣe é fún ọbẹ̀ ata kan, èròjà náà ti bá èéfín lọ nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí oúnjẹ ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ dáadáa. Retina ni wọ́n ń pe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ojú, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Àárín rẹ̀ gan-an, ibi kékeré kan báyìí, la fi ń kàwé, tí a fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, tí a fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àìsàn kan wà tí ọjọ́ ogbó máa ń mú wá, tí ń jẹ ibi yìí rà díẹ̀díẹ̀. AMD ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹni tó ní in tó ti le á máa rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á máa rí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ tó ń kí i kò ní hàn.

Àwọ̀ ìyeyè kan wà ní ibi kékeré yẹn, èròjà méjì tó ń jẹ́ lutein àti zeaxanthin ló sì fún un. Wọ́n ń dín ìmọ́lẹ̀ tó le kù kó tó dé ibi ẹlẹgẹ́. Ara wa kò lè dá wọn ṣe, inú oúnjẹ nìkan la ti ń rí wọn, pàápàá ẹ̀fọ́ tútù tó dúdú. Ní 1994, Johanna Seddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi oúnjẹ àwọn tó ní AMD tó ti le wé ti àwọn tí kò ní in. Àwọn tó ń jẹ irú èròjà bẹ́ẹ̀ jù lọ, ewu tiwọn fi 43% kéré sí ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré jù.

Ibí yìí ló yẹ ká ti ṣọ́ra. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kì í mu sìgá, tó ń rìn, tó ń lọ síwájú dókítà lásìkò. Sìgá sì wà lára ohun tó ń dá AMD sílẹ̀ jù lọ. Irú ìwádìí yẹn lè fi ọ̀nà han ni, kò lè dá ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ojú, National Eye Institute, fi ṣe ìdánwò gidi tí wọ́n ń pè ní AREDS. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì C, fítámì E, èròjà kárọ́ọ̀tì àti zinc tó pọ̀ gan-an, wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró òfìfo, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tí òun ń mu. Èsì jáde ní 2001. Lára àwọn tí AMD wọn ti dé agbede méjì, oògùn náà dín ewu pé á di èyí tó le kù ní nǹkan bí 25% láàárín ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n èròjà kárọ́ọ̀tì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú hóró ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tó ti mu ún rí. Nínú ìdánwò kejì, AREDS2, tó jáde ní 2013, wọ́n fi lutein mílígíráàmù 10 àti zeaxanthin mílígíráàmù 2 rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún fi òróró ẹja kún un fún àwọn kan. Òróró ẹja inú hóró kò fi nǹkan kan kún un.

Oògùn yìí ni "fítámì ojú" tí àwọn ènìyàn ń ní kí wọ́n bá àwọn rà bọ̀ láti òkè òkun. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí yé: ẹni tí dókítà ti wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, tó sì rí AMD níbẹ̀ ni wọ́n dán an wò fún. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń dènà àìsàn náà fún ẹni tí kò tíì ní in. Kì í wo cataract, ìyẹn lẹ́ǹsì ojú tó ń di funfun, kì í wo glaucoma, tó ń pa iṣan ìran. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: AMD kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Àìsàn àwọn tó ní owó ìwádìí ni wọ́n ṣèwádìí lé lórí jù, ìmọ̀ràn rẹ̀ ló sì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń kà.

Síbẹ̀, oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò ṣe é fojú di. Ní 2019, àwọn olùwádìí tó tẹ̀ lé nǹkan bí 5,000 àgbàlagbà ní Rotterdam àti ní ilẹ̀ Faransé rí i pé àwọn tó ń jẹun bí àwọn ará etí Òkun Mẹditaréníà, ìyẹn ewébẹ̀, ẹ̀wà, ẹja, èso, òróró ólífì, ẹran díẹ̀, fi 41% bọ́ lọ́wọ́ ewu AMD tó le ju àwọn tí kì í jẹ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹyọ oúnjẹ kan tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun nìkan ló ṣe é. Àpapọ̀ ohun tó wà nínú àwo lódindi ni.

Àwo tiwa náà kò burú. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ìgbá, gbogbo wọn ló ní lutein. Epo ló sì ń yọ́ èròjà yìí kí ara tó lè gbà á, nítorí náà ẹ̀fọ́ rírò tí epo pupa wà nínú rẹ̀, tí ẹja wà nínú rẹ̀, sàn fún iṣẹ́ yìí ju ewé gbígbẹ tí wọ́n ń gbá mu pẹ̀lú omi lásán lọ. Ẹ fi ẹyin kún un. Lutein inú pupa ẹyin kò pọ̀ tó ti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara ń gbà á dáadáa. Àgbàdo pupa náà ní zeaxanthin, èyí tí àgbàdo funfun kò fi bẹ́ẹ̀ ní.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí a ń ṣe fún ẹ̀fọ́ náà. A ń rẹ́ ẹ, a ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a ń fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí kò fi ní kán mọ́, a wá da omi aláwọ̀ ewé yẹn sí kòtò. Lutein kì í bá omi lọ, inú ewé ló ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n fítámì C àti èròjà nitrate tí ó wúlò fún iṣan ẹ̀jẹ̀, omi ni wọ́n ń bá rìn, kòtò ni wọ́n sì ń bá a dé. Ìyẹn ni pé fífún ẹ̀fọ́ kò pa ojú AMD lára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń du ojú lórí àwọn ọ̀nà mìíràn tí a máa tó dé. Ẹ̀fọ́ tí kò korò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sórí ata tó ti dín, kí ẹ rò ó, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ewúro la mọ̀ pé kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀.

Cataract ni olórí ohun tó ń fọ́ àgbàlagbà lójú ní Nàìjíríà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín 2005 sí 2007, nǹkan bí 4.2% àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ni kò ríran, cataract ló sì fa 43% rẹ̀. Lẹ́ǹsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ń di funfun, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi lè wọlé. Oòrùn wà lára ohun tó ń mú un yá, sìgá wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀. Ní ti oúnjẹ, fítámì C ni wọ́n ń sọ jù. Ní 2016, King's College ní Lọ́ńdọ̀nù wo àwọn obìnrin ìbejì fún ọdún 10. Àwọn tó ń rí fítámì C dáadáa nínú oúnjẹ, ewu pé cataract wọn á tẹ̀ síwájú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti àwọn yòókù. Ọsàn, gúrọ́fà, ìbẹ́pẹ, tàtàṣé. Kì í ṣe hóró. Ní Sweden, àwọn obìnrin tó ń mu hóró fítámì C tó pọ̀, nǹkan bí mílígíráàmù 1,000, ni cataract tilẹ̀ pọ̀ sí i láàárín wọn. Bí lẹ́ǹsì bá sì ti funfun, ó ti funfun nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tì í sẹ́yìn nínú ilé, ọ̀pọ̀ ojú ló ti bá irú iṣẹ́ yẹn lọ.

Ti àtọ̀gbẹ ni oúnjẹ ti jẹ́ ìwòsàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú oògùn. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú retina jẹ́. Wọ́n á máa jò, àwọn tuntun tí kò lágbára á hù, ìyẹn náà á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ojú. Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní Bìrìtìkó, UKPDS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, fi hàn pé àwọn tí ṣúgà wọn wà ní ìkáwọ́ dáadáa bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́ iṣan tín-ín-rín ní 25% ju àwọn yòókù lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ojú.

Àwọn ènìyàn wa mọ̀ pé ṣúgà inú tíì kò dára. Ìgò mínírà 50cl, tó lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, ni wọn kì í kà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkèlè. Wọ́n á ní dókítà ti ní kí àwọn máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí wíìtì, wọ́n á wá jẹ òkìtì méjì kún àwo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í tètè gbé ṣúgà sókè bí àwọn òkèlè mìíràn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ̀ jù ti pọ̀ jù náà ni. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gba àyè rẹ̀ nínú àwo.

Mo mọ̀ pé gààrí lẹ ń dúró dè. "Má mu gààrí púpọ̀, ó ń ba ojú jẹ́": kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹni tó bá ní àsọdùn lásán ni, kò mọ ìtàn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Benjamin Oluwakayode Osuntokun, oníṣègùn iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn, ṣèwádìí àìsàn kan tó ń ṣe àwọn ará Ìjẹ̀bú àti agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, wọn kò lè rìn gúnlẹ̀, etí wọn ń di, iṣan tó ń gbé ìran láti ojú lọ sí ọpọlọ ń rọ. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹran àti ẹja sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tó ń di májèlé sáyánáìdì, ara sì nílò èròjà inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kó tó lè pa agbára rẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2000 rí i pé àìsàn yìí ṣì wà ní Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde: 6% àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in, láàárín àwọn obìnrin 60 sí 69 ọdún sì ni ó ti pọ̀ jù. Àwọn olùwádìí kan ń jiyàn pé májèlé ẹ̀gẹ́ nìkan kò lè dá a fà.

Ṣé gààrí wá ń ba ojú jẹ́? Gààrí tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n fún, tí wọ́n yan dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ ẹ́ kò ní ìṣòro. Ibi tí ewu wà ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ìkánjú ṣe, kí ó jẹ́ òun nìkan ni oúnjẹ, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í fa cataract, kì í fa glaucoma. Àwọn ará Cuba náà mọ irú rẹ̀ lọ́nà mìíràn: láàárín 1991 sí 1993, nígbà tí ìrànlọ́wọ́ láti Soviet dáwọ́ dúró tí oúnjẹ wọ́n, ó lé ní 50,000 ènìyàn tí iṣan ojú tàbí iṣan ara wọn rọ. Ìjọba pín àwọn fítámì B fún gbogbo ìlú, iye àwọn tó ń kó o sì lọ sílẹ̀.

Ó ku glaucoma, òun ni mo fẹ́ kí ẹ má ṣe fi oúnjẹ tan ara yín jẹ lé lórí. Iṣan ìran yẹn kan náà ló ń pa, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ìfúnpá inú ojú ti ga jù. Etí ìran ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í dunni, ẹni tó ní in kì í mọ̀ títí á fi le. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń tètè mú, ó sì ń le lára wa jù. Ìwádìí Nàìjíríà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan rí i lára nǹkan bí 5% àwọn tó ti pé 40 ọdún.

Oúnjẹ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé oúnjẹ ènìyàn tó lé ní 100,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé jù, tí nitrate tí à ń fún dànù yẹn pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, fi 20% sí 30% bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Irú ìwádìí tó ń fi ọ̀nà hàn nìyẹn náà. Ẹ̀fọ́ kò lè rọ́pò oògùn tí wọ́n ń kán sójú láràárọ̀ lálaalẹ́, èyí tó bá sì ti lọ nínú ìran kì í padà. Ohun kan wà tí ẹni tó ní glaucoma lè tètè yí padà: àwọn kan máa ń gbé odidi lítà omi kan mì lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá jí, pé ó ń fọ ara. Omi tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń gbé ìfúnpá ojú sókè fún ìgbà díẹ̀, débi pé àwọn dókítà ojú ń lò ó láti dán ojú wò. Ẹ máa mu omi yín, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ti pé 40 ọdún, tàbí tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní glaucoma bí kò tilẹ̀ tíì tó bẹ́ẹ̀, kó lọ síwájú dókítà ojú, kó ní kí wọ́n wọn ìfúnpá, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ojú. Kíka lẹ́tà ara ògiri nìkan kò tó, ẹni tó ní glaucoma lè kà á tán. Oògùn tí wọ́n máa kán síbẹ̀ kí ihò ojú lè fẹ̀ á mú kí ìwé ṣòro kà fún wákàtí mélòó kan, kí oòrùn sì máa tani lójú. Ẹ má wa mọ́tò lọ lọ́jọ́ náà, ẹ mú ẹnìkan dání.